Láàárín Jíjò àti Jíjó: Ìtàn Esáǹsì Tí Ń Jò Nínú Ọkọ̀ Wa

Nínú èdè Yorùbá, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín jíjò àti jíjó. Òrùlé ń jò, igbó ń jó. Ọmọdé pàápàá kì í ṣi ọ̀kan pè sí èkejì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ̀ ti di ohun àgbàlá ilé, ohun kan wà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé lára rẹ̀. Ohun náà ni esáǹsì. Bí ó bá ń jò lábẹ́ ọkọ̀, ó kù díẹ̀ kí ó jó. Àwọn ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ̀rọ̀ ọba, wọ́n sọ̀rọ̀ ogun, wọ́n sì sọ̀rọ̀ àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi pín ilẹ̀ wa. Wọn kò sọ bí àwọn ènìyàn lásán ṣe kọ́ láti wá ojú ibi tí epo ti ń jò, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dí i nínú àgbàlá. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà wà, ó sì gùn. Ohun tí a fẹ́ fà yọ nínú rẹ̀ ni pé imú ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé epo ń jò, àti pé ní agbègbè tiwa, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ, òwò kpayo tí ó ti lé ní 30 ọdún ti sọ imú náà di adití.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn rántí pé wọ́n tún ọ̀nà epo ọkọ̀ ṣe lójú títì, obìnrin ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí baálé rẹ̀, Carl Benz, ṣe. Ó wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní ilẹ̀ Jámánì, ìrìn tí ó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà, láìjẹ́ kí baálé náà mọ̀. Kò sí ilé epo ní ayé ìgbà náà. Ọ̀dọ̀ apòògùn kan ní ìlú Wiesloch ni ó ti ra ligroin, irú epo fúyẹ́ kan tí ọkọ̀ náà ń mu. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, ó yọ abẹ́rẹ́ tí ó fi de fìlà mọ́ irun orí rẹ̀, ó sì fi gún ìdọ̀tí náà jáde. Nígbà tí wáyà iná kan ṣí lára, ó fi okùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Òótọ́ ni pé dídí kì í ṣe jíjò. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni a fi ń rí àwọn méjèèjì: kí ènìyàn lè fi ojú inú tẹ̀lé epo láti inú táńkì títí ó fi dé inú ẹ́ńjìnì, kí ó sì béèrè ní ìbùsọ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá ó kọjá tàbí kò kọjá.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1908, ilé iṣẹ́ Henry Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ yìí kò ní pọ́ǹpù epo rárá. Táńkì rẹ̀ wà lábẹ́ àga awakọ̀, epo a sì máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú kábúrétọ̀, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń ṣàn láti orí òkè. Bí òkè tí ọkọ̀ fẹ́ gùn bá dúró ṣánṣán, tí epo inú táńkì kò sì pọ̀, ẹ́ńjìnì a ga ju táńkì lọ, a sì kú. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ ìgbà náà fi máa ń kọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sí òkè, tí wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn gùn ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rẹ́rìn-ín bí a bá sọ èyí fún wọn, títí a ó fi béèrè ibi tí táńkì alùpùpù zémíjàn wà. Òkè ni ó wà, láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ti Model T. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kan wà fún ẹni tí ń wá ojú ìjò. Níbi tí epo bá ti ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣàn, kò ní dúró de ẹni tí yóò tan ẹ́ńjìnì. Ó lè máa kán ní gbogbo òru nígbà tí onílé ń sùn, àyàfi bí a bá ti róbínẹ̀ rẹ̀ pa.

Ní òpin àwọn ọdún 1920 ni pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń yí bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ó jẹ́ kí a lè gbé táńkì lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kúrò nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, èyí tí ó dára fún ààbò. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀nà epo di gígùn, ó sì pín in sí méjì. Lẹ́yìn pọ́ǹpù, ní apá tí ó ti ń ti epo lọ, ihò díẹ̀ yóò tú epo jáde nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Ṣáájú pọ́ǹpù, ní apá tí ó ti ń fà, ihò kan náà lè má tú ẹ̀kán kan sílẹ̀: afẹ́fẹ́ ni ó máa ń fà wọlé, ọkọ̀ a sì máa kọ́ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pààrọ̀ búgí, wọ́n ti tú kábúrétọ̀ palẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀ ni ó ya.

Rọ́bà yìí pàápàá ní ìtàn. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà epo ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì a máa gbọ̀n, irin abẹ́ ọkọ̀ kì í sì gbọ̀n bákan náà. Bàbà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì a máa sán. Ohun tí ó rọ̀ ni ó lè bá wọn lájọṣe. Rọ́bà tí a rẹ́ lára igi kò sì lè ṣe é, nítorí esáǹsì a máa wọ inú rẹ̀, a sì wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Jámánì gbé rọ́bà àtọwọ́dá kan jáde tí à ń pè ní nitrile, tí esáǹsì kò lè tètè jẹ. Láti ìgbà náà ni rọ́bà ti di ẹ̀yà ara gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí rọ́bà tí kì í gbó. Ooru ẹ́ńjìnì a gbẹ ẹ́, ojú rẹ̀ a sì máa sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tí ó le bí igi, tàbí tí ó rọ̀ jù bí ẹran sísè, ìgbà rẹ̀ ti pé.

Kí ọkọ̀ tó pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ohun tí a fi ń gbé epo ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìjò. Ní ayé amúnisìn, inú páànù onígun mẹ́rin ni epo fìtílà àti esáǹsì ti ń dé, páànù tí ó gba nǹkan bí 18 lítà. Òun ni garawa, tí àwọn ìyá wa sọ di ohun èlò omi àti òṣùwọ̀n epo pupa lẹ́yìn tí ohun inú rẹ̀ bá tán. Páànù náà tín-ín-rín, òjé tí a fi lẹ ìgun rẹ̀ a sì máa ṣí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú páànù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó esáǹsì la aṣálẹ̀ àríwá Áfíríkà kọjá, apá tí kò kéré nínú rẹ̀ a sì máa jò dànù sínú iyanrìn kí ó tó dé ojú ogun. Àwọn ará Jámánì ti ya bìdọ́ọ̀nù irin mìíràn ní 1937, èyí tí ó gba 20 lítà, tí a jó irin rẹ̀ pọ̀ dáradára, tí ìdérí rẹ̀ sì há gírígírí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ará Jámánì: jerrycan.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, Peugeot ni ó gba ojú ọ̀nà wa. 404 ni ó kọ́kọ́ dé, 504 tẹ̀lé e láti 1968. A rí èyí tí ó jẹ́ familiale, a sì rí bâchée tí ń kó iṣu, àgbàdo àti ènìyàn pọ̀ láti Ṣábẹ wá sí Kútọnu. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 ní Kàdúná ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí sì mú kí ẹ̀yà ara rẹ̀ sún mọ́ wa: kò sí ìdí láti retí ọkọ̀ ojú omi láti Faransé nígbà tí ọjà Èkó wà nítòsí. Irú ọkọ̀ yìí ni ó sọ àgbàlá ilé di ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá ṣí orí rẹ̀, gbogbo ọ̀nà epo ni a lè fojú rí: rọ́bà tí ó ti abẹ́ wá, pọ́ǹpù lára ẹ́ńjìnì, asẹ́ epo, kábúrétọ̀. Agbára tí pọ́ǹpù náà fi ń ti epo kò tó nǹkan, ìdá díẹ̀ nínú bar kan. Nítorí náà, ohun tí ó bá jò, kíkán ni ó ń kán, kì í tú jáde bí ìtọ́ ejò.

Àwọn awakọ̀ ìgbà náà mọ àmì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé lónìí, kò sì yẹ kí a jẹ́ kí ìmọ̀ náà bá wọn lọ. Wọn a tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ ní alẹ́. Ní òwúrọ̀, òróró ẹ́ńjìnì yóò ti fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀, omi rádíétọ̀ yóò ti fi àmì aláwọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n esáǹsì lè ti gbẹ pátápátá, kí ó ku òórùn nìkan. Páálí tí ó mọ́ kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kò jò. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí epo ti kán sílẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó ti ń jò, nítorí epo a máa rìn lára irin, atẹ́gùn a sì máa gbá a lọ sẹ́yìn. Ibi tí ó ga jù nínú ibi tí ó tutù ni a gbọ́dọ̀ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù pọ̀, wọn a nù ún gbẹ, wọn a wọ́n ìyẹ̀fun funfun sí i lára, yálà ẹfun tàbí ẹ̀tù tí a fi ń pa ọmọ lára, kí epo fúnra rẹ̀ lè kọ ojú ọ̀nà rẹ̀ sára ìyẹ̀fun náà. (Ṣọ́ọ̀kì tí ó ṣẹ́kù lórí tábìlì olùkọ́ ṣe iṣẹ́ yìí dáradára.) Wọ́n sì mọ ìjò tí kò hàn rárá: awọ tín-ín-rín kan wà nínú pọ́ǹpù náà tí ń lọ sókè sódò, bí ó bá ya, epo lè máa dà sínú òróró ẹ́ńjìnì. Ẹni tí ó bá fa ọ̀pá ìwọ̀n òróró yọ tí ó rí i pé òróró ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan bù kún un, tí ó sì gbọ́ òórùn esáǹsì lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ tan ọkọ̀ náà mọ́ títí yóò fi pààrọ̀ pọ́ǹpù àti òróró.

Nínú gbogbo ọgbọ́n wọn, ti ọṣẹ ni ó wù wá jù. Bí òkúta bá lu ihò tín-ín-rín sí táńkì ní ojú ọ̀nà, awakọ̀ a mú ọṣẹ ìfọṣọ líle, a rin ín mọ́ ihò náà títí yóò fi wọ inú rẹ̀, epo a sì dúró. Ìdí rẹ̀ rọrùn: omi ni ó ń yọ́ ọṣẹ, esáǹsì kì í yọ́ ọ. Rọ́bà ìjẹlẹ́nu tí àwọn mìíràn fi ń dí i kò tó o, nítorí epo a máa sọ òun di ẹ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ náà kì í ṣe àtúnṣe. Òjò kan, tàbí àkúnya omi kan lójú ọ̀nà, yóò wẹ̀ ẹ́ dànù. Ohun tí a fi ń dé ilé ni.

Lẹ́yìn náà ni kpayo dé. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sí òkè òkun ní 1958. Ìjọba ibẹ̀ fi owó ìrànwọ́ sí orí esáǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí owó rẹ̀ lè rọlẹ̀ fún ará ìlú. Ohun tí ó rọlẹ̀ ní ìhà kan ẹnubodè tí ó sì wọ́n ní ìhà kejì, fàyàwọ́ kò ní ṣàìgbé e kọjá, pàápàá níbi tí ẹnubodè ti gba àárín ẹbí kan náà kọjá. A ní epo tiwa ní Ṣẹ̀mẹ̀, tí wọ́n fà láti 1982 sí 1998, ṣùgbọ́n a kò ní ilé ìfọpo. Òkun ni epo náà bá lọ. Nígbà tí ilé ìfowópamọ́ ilẹ̀ Benin dẹnu kọlẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò wá mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn wá oúnjẹ sí ẹ̀yìn alùpùpù zémíjàn tàbí sí ìdí tábìlì esáǹsì. Èdè Gùn ni ó fún un ní orúkọ: kpayo, èyí tí kì í ṣe ojúlówó. Láti ìgbà Àpéjọ Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní oṣù kejì ọdún 1990 títí di òní, kò sí ojú pópó ní Àjàṣẹ́, ní Pọ́bẹ̀, ní Ìṣakẹ́tẹ́ tàbí ní Kétu tí ìgò esáǹsì kò tò sí bí ohun mímu.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí epo yìí ti ń rìn, kí ó wo iṣẹ́ Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962. Bìdọ́ọ̀nù tí àwọn onífàyàwọ́ ti lò gbó ni ó fi ń ṣe ìbòjú. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ńlá tí ó pè ní La Bouche du Roi, ó to irú bìdọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kó ẹrú. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó rà á. Ó fi hàn wá pé wọ́n máa ń yá bìdọ́ọ̀nù lórí iná kí ara rẹ̀ lè fẹ̀, kí ó lè gba epo púpọ̀ sí i. Ohun tí ó bá fẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ó di dandan kí ó jò ní ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnì alùpùpù tí ó gbóná sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí ń mu kpayo, ìpalára náà kò yára, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Epo tí a ti dà láti bìdọ́ọ̀nù sí ìgò, láti ìgò sí àrọ, ti gba eruku àti omi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Omi wúwo ju esáǹsì lọ; ìsàlẹ̀ táńkì ni ó ń jókòó sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń jẹ irin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìpẹtà a di ihò. Eruku a lọ jókòó sí ẹnu abẹ́rẹ́ tí ń ti ọ̀nà epo nínú kábúrétọ̀, abẹ́rẹ́ náà kò ní lè pa dé mọ́, epo a sì kún àkúnwọ́sílẹ̀ sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe wá jù kò sí nínú ọkọ̀. Imú ọmọ ènìyàn kì í pẹ́ kí ó tó dákẹ́ lórí òórùn tí kò kúrò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ní ilé tí ìyá ń ta kpayo ní iwájú, tí bìdọ́ọ̀nù méjì wà ní ìgun yàrá, kí ni yóò sọ fún bàbá pé rọ́bà ọkọ̀ rẹ̀ ti sán? Òórùn tí ó jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ 404 ti di òórùn ilé. A kò dá àwọn tí ń tà á lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, owó kpayo ni a fi ń san owó ìwé wọn. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, a sì ti ń sùn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ yí padà. Àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ń ti Yúróòpù gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ti injection. Kábúrétọ̀ kò sí nínú wọn mọ́. Pọ́ǹpù oníná wà nínú táńkì, ó sì ń ti epo jáde pẹ̀lú agbára tí ó tó nǹkan bí bar 3 nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kíkán parí. Rọ́bà tí ó bá sán lára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa tú epo bí ìkùukùu, ìkùukùu náà ni ó sì ń wá iná. Esáǹsì olómi kọ́ ni ó ń jó, èémí rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tí èémí náà kò ju ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú rẹ̀ ti tó láti gbaná. Èémí yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wọ kòtò àti gọ́tà, ó sì lè rìn dé ìdí àdògán tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé. Ọgbọ́n 504 nìkan kò tó fún un. Rọ́bà àtijọ́ tí ó bá kábúrétọ̀ mu kò bá a mu; èyí tí ó lè gbà á ni a máa ń kọ J30R9 sí lára, kọliyé tí a ó sì fi fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí etí rẹ̀ kò ní gé rọ́bà náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun ilẹ̀ Nàìjíríà, Bola Tinubu, kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480. Owó kpayo gbẹ́nu sókè ní ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ibi ìpamọ́ esáǹsì fàyàwọ́ kan gbiná ní Ṣẹ̀mẹ̀-Kraké. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ni ó kú. Ọ̀wọ́n epo mú kí àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ ọkọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 86 400 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Bí esáǹsì bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí a sì ka ẹ̀kán 40 sí mílílítà kan, ohun tí ó sọnù láàárọ̀ sí àárọ̀ lé ní lítà 2. Ohun tí imú kò sọ fún wa mọ́, àpò sọ ọ́.

Kí ni a wá lè ṣe nílé? Ohun tí ó kéré ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n tí ó ṣe pàtàkì. A ó ti ọkọ̀ náà sí gbangba, a kò ní tan án láti gbé e lọ síbẹ̀. A ó jẹ́ kí ó tutù, a ó sì pa àdògán àti sìgá gbogbo. Iyanrìn ni a ó gbé sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe omi, nítorí orí omi ni esáǹsì tí ń jó máa ń léfòó sí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ injection, a ó yọ fíúsì pọ́ǹpù níbẹ̀, ní gbangba, a ó tan ẹ́ńjìnì kí ó jó èyí tí ó wà ní ọ̀nà títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, ìyẹn bí ibi tí ń jò kò bá sí nítòsí ẹ́ńjìnì; bí ó bá wà nítòsí rẹ̀, mẹkaníìkì ni kí a pè. Lẹ́yìn náà a ó tú okùn bátìrì. Rọ́bà tí ó sán ni a ó pààrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú kọliyé tuntun méjèèjì. Gígé ibi tí ó bàjẹ́ kí a sì so ó, ẹ̀tàn ni. Rọ́bà tuntun gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu irin tí ó wú, kí kọliyé sì dúró ní ẹ̀yìn ibi tí ó wú náà. Ọ̀nà irin tí ìpẹtà ti jẹ, kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá. Táńkì tí ó lu, ẹ má ṣe gbé e lọ fún ajórin bí ó ti wà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti gbẹ. Táńkì tí ó gbẹ tí èémí kún inú rẹ̀ burú ju èyí tí epo kún lọ. Ọ̀pọ̀ ajórin ni ó ti fi ojú tàbí ọwọ́ lélẹ̀ nídìí rẹ̀.

Bí a bá ti parí, a ó nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, a ó dúró kí òórùn ìṣẹ́ náà fẹ́ lọ, kí a tó dá bátìrì àti fíúsì padà. A ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí pọ́ǹpù ti ń dún láìtan ẹ́ńjìnì, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó sì wo ojú rọ́bà náà. A ó tún wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, a ó tún wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ti òórùn, ẹni tí ó tún ọkọ̀ ṣe kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, àwọn ará ilé tí ó ń ta kpayo kò sì lè jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni kí a pè, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ó mí sínú, kí ó sì sọ ohun tí ó gbọ́.